Bàbá ọmọ Ìséyìn, ìkòkò tábà rẹ̀, àti ewé dúdú tí wọ́n ń tẹ̀ nínú àgbá fún ọdún kan gbáko

Lójú àwọn tí kì í mu tábà, tábà ni tábà ń jẹ́. Èéfín ni, òórùn rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì ń pa èèyàn. Ti ìkẹyìn yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ọ̀rọ̀ ṣì máa kan ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ti pé tábà ni tábà ń jẹ́ yẹn, ẹ má sọ ọ́ létí bàbá ọmọ Ìséyìn kan tó ti ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà, fún bí ogójì ọdún. Bí ẹ bá sọ ọ́ níwájú rẹ̀, àfi bíi kéèyàn sọ fún ará Ìjẹ̀bú pé gàrí ni gàrí ń jẹ́. Á ní kẹ́ ẹ fìdí lélẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú kí ọ̀rọ̀ náà tó tán.

Bàbá yìí kì í mu sìgá. Kò fẹ́ràn áṣáà. Ìkòkò tábà ni tiẹ̀, ẹyọ kan péré lọ́sẹ̀, lálẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tó bá ti jẹun yó, tó sì ti bọ́ sẹ́yìnkùlé. Kì í sì í ṣe gbogbo tábà ló ń dì sínú ìkòkò ọ̀hún. Oríṣi kan ṣoṣo ló ń wá kiri: èyí tí wọ́n fi ewé Virginia ṣe, tí wọ́n wá bu ewé kan tó ń jẹ́ Perique sí i. Àwọn oníkòkò ti gé orúkọ méjèèjì pọ̀, VaPer ni wọ́n ń pè é. Ewé àkọ́kọ́ ń dùn, ewé kejì ń ta. Ibi tí dídùn àti títa ti pàdé láì ju ara wọn lọ, ibẹ̀ ni bàbá yìí ti ń wá láti ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ewé Virginia kì í ṣe àlejò lójú rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn dáadáa mọ̀ pé tábà ti di iṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nigerian Tobacco Company, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NTC, ló ń ra ewé lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìséyìn àti agbègbè rẹ̀ nígbà náà, kó tó di pé British American Tobacco gba ilé iṣẹ́ náà mọ́ra lọ́dún 2000. Bàbá tó bí bàbá yìí lọ́mọ wà lára àwọn àgbẹ̀ náà. Ilé amọ̀ gíga kan wà lóko wọn tí kò ní fèrèsé. Wọ́n á so ewé tútù mọ́ ọ̀pá, wọ́n á to ọ̀pá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á wá dáná níta. Páìpù irin ló ń gbé ooru wọlé, kí èéfín má baà kan ewé. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ewé á pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi kún iná díẹ̀díẹ̀, títí igi àárín ewé á fi gbẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa jí sí i lóru, torí bí iná bá kú, ewé bàjẹ́ nìyẹn, bó bá sì le jù, ilé á jóná tòun tewé.

Ọmọ kékeré ni bàbá yìí nígbà tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣọ́ iná náà. Títí di òní, ó ní òórùn ilé yẹn kò kúrò nímú òun: bí oyin, bíi koríko gbígbẹ, bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń mu ewé náà nílé wọn. Wọ́n á dì í, wọ́n á kó o fún ọkọ̀ ilé iṣẹ́, ó di sìgá nìyẹn. Tábà ìbílẹ̀ ni ìyá àgbà ń fi sínú ìkòkò amọ̀ tiẹ̀. Bàbá yìí ti lé lógójì ọdún, ó ti dé Amẹ́ríkà, kó tó di pé òyìnbó kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ṣí agolo tábà kan sí i nímú. Ó ní omi bọ́ lójú òun. Ilé amọ̀ Ìséyìn ló wà nínú agolo náà.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ooru gbígbẹ máa ń sọ ewé tábà di bẹ́ẹ̀, ìtàn ni, ó sì yẹ kí gbogbo adúláwọ̀ gbọ́ ọ. Lọ́dún 1839, ní Caswell County, ìpínlẹ̀ North Carolina, nítòsí ààlà Virginia, ẹrú kan wà tó ń jẹ́ Stephen. Alágbẹ̀dẹ ni, ó sì ń ṣọ́ iná ilé tábà fún ọ̀gá rẹ̀, Abisha Slade. Ìtàn sọ pé oorun gbé Stephen lọ lóru ọjọ́ kan, iná sì ń kú lọ. Nígbà tó ta jí, ó sáré kó èédú níbi tó ti ń rọ irin, ó dà á síná. Ooru líle tí kò léèéfín yẹn gbẹ ewé ní kíá, ewé náà sì pọ́n bíi wúrà. Àwọn èèyàn dù ú rà. Slade ló gba òkìkí rẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Stephen ńkọ́? Ẹrú ló bá ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Bàbá yìí ní nígbà tí òun ka ìtàn náà, kò ṣòro fún òun láti gbà á gbọ́, torí kò sí ọmọ tó ṣọ́ iná tábà rí tí oorun ò gbé lọ.

Ooru yẹn ni kò jẹ́ kí ṣúgà inú ewé ráyè bàjẹ́. Ìdí tí Virginia fi ń dùn nìyẹn, ìdí tó fi ń bu ahọ́n jẹ náà sì nìyẹn. Ẹni tó bá ń fà á bí ẹni ń fa sìgá, á gbóná lẹ́nu rẹ̀ bíi tíì orí iná, ahọ́n á bó, adùn á sì fò lọ. Ẹni tó bá ń mu Virginia nìkan tún máa ń sọ pé adùn náà fúyẹ́, pé kò láta, kò níyọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ń bu Perique sí i nìyẹn.

Ibì kan ṣoṣo ló ni Perique láyé: St. James Parish, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, létí odò Mississippi, láàárín New Orleans àti Baton Rouge, pàápàá jù lọ apá ibi tí wọ́n ń pè ní Grande Pointe. Houston kò jìnnà síbẹ̀ lọ títí. Bàbá yìí wa mọ́tò fún bíi wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ kan, nítorí pé ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tí ewé náà ti ń jáde. Ó ní oko ìrèké ni òun ń rí lọ́tùn-ún lósì, àti ilé iṣẹ́ epo òun kẹ́míkà tó ń tú èéfín sójú ọ̀run. Oko tábà tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan, béèyàn ò bá béèrè, á wà á kọjá.

Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ewé náà kò ní í ya ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe irú lẹ́nu. Wọ́n á ké tábà, wọ́n á fi kọ́ sábẹ́ òrùlé títí á fi gbẹ. Wọ́n á yọ igi àárín ewé, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n á lọ́ ọ ní ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá tò ó sínú àgbá onígi tí wọ́n ti fi rọ ọtí wísíkì rí. Lẹ́yìn náà ni jáàkì ńlá á gun orí rẹ̀, bí irú èyí tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni èyí ń tẹ̀ ẹ́ sí, títí omi ara ewé á fi bo ewé. Atẹ́gùn ò ráyè wọlé mọ́, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á tú u síta kó fẹ́ sátẹ́gùn, wọ́n á dà á padà, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí èyí tó ń jáde kó tó pé ọdún kan. Nígbà tó bá fi máa jáde, ó ti dú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ fi imú sí i. Ọ̀pọ̀tọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà èso àjàrà gbígbẹ, lẹ́yìn náà ọtí tó ti kan, bí àgàdàgídí tó ti lò ju ọjọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ni ata ń dé. Kì í ṣe ata rodo o. Atare ni, èyí tó ń dúró kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀ kó tó ta.

Wọ́n ní àwọn Choctaw àti Chickasaw, tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ló kọ́kọ́ ń tẹ tábà mọ́nú igi tí wọ́n gbẹ́ níhò. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pierre Chenet ni wọ́n sọ pé ó sọ ọ́ di òwò lọ́dún 1824. Láti ìgbà náà, ọwọ́ bàbá ló ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni, ìyà rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ ò pọ̀ tó. Àwọn ọmọ gba iṣẹ́ ilé epo lọ. Nígbà tí ọdún 1999 ń parí lọ, àgbẹ̀ tó ṣẹ́kù nídìí rẹ̀ ò ju ìwọ̀nba lọ, àwọn oníkòkò sì ti ń pariwo pé ó ti tán. Ẹ mọ ohun tó gbà á sílẹ̀? Sìgá ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Natural American Spirit bẹ̀rẹ̀ sí í rà á sínú sìgá tiẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan sì padà sóko. Àwọn oníkòkò tí wọ́n máa ń yínmú sí amusìgá, wọ́n wá di ẹni tó jẹ amusìgá ní gbèsè ọpẹ́.

Perique tó ń wọ inú agolo kan kì í pọ̀. Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Ẹni tó bá dì í nìkan sínú ìkòkò, ojú ara rẹ̀ ló máa fi rí i. Ọ̀rẹ́ bàbá yìí kan, tó jẹ́ amusìgá, ní kò sóhun tó le níbẹ̀. Ó fà á lórí ebi, ó ń gbé èéfín mì. Kò tíì mu ún dé àárín tí òógùn fi bò ó, òsúkè mú un, ó ní ilé ń yí. Omi ṣúgà ni wọ́n fi gbé e dìde. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rẹ́ ọ̀hún bá ti rí ìkòkò lọ́wọ́ bàbá yìí, ọ̀nà mìíràn ló máa ń gbà.

Báwo wá ni bàbá yìí ṣe ń mọ èyí tó dáa? Ó ní ìwé kékeré kan, bí irú èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Agolo kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tiẹ̀. Ọ̀rinrin ló kọ́kọ́ ń wò: á fi ìka méjì fún tábà díẹ̀, bó bá lẹ̀ pọ̀ tí kò tú, á tẹ́ ẹ sórí bébà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, òórùn. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń jó. Á ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan, á tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, á tún ṣáná sí i, á wá máa mu ún bí ẹni ń mu omi gbígbóná. Àwọn àgbà ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Bàbá yìí máa ń rẹ́rìn-ín sí i pé ti ìkòkò ọbẹ̀ nìyẹn. Ìkòkò tábà tí ìdí rẹ̀ bá gbóná, oníkòkò ló ń kánjú.

Ìdá mẹ́ta ló pín ìkòkò sí nínú ìwé rẹ̀. Lókè, ó yẹ kí Virginia ṣáájú pẹ̀lú adùn rẹ̀. Láàárín, Perique gbọ́dọ̀ ti yọjú. Á tú èéfín díẹ̀ gba ihò imú, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí ata ṣe pọ̀ tó. Nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti di ọ̀kan, kó sì jó di eérú láìfi omi sílẹ̀. Ohun tó ń kọ gbẹ̀yìn, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń kọ ọ́: ṣé ahọ́n ń ta ni àbí kò ta?

Escudo ló ń fún ní máàkì jù. Wọ́n lọ́ ewé rẹ̀ bí okùn, wọ́n wá gé e pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, tí ẹ máa rí Perique tó dú láàárín. Ó ní kò sí èyí tó mọ ìwọ̀n bíi tirẹ̀. St. James Flake, tí ilé iṣẹ́ Samuel Gawith ń ṣe ní Kendal, l'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ata rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ó sì máa ń tutù jù nígbà téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Àfi kéèyàn sá a. Elizabethan Mixture, tí Dunhill ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó di pé ó bọ́ sábẹ́ orúkọ Peterson, ó rọrùn láti tanná sí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló yẹ. Three Nuns ló ń bí i nínú. Perique wà nínú rẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi ewé mìíràn dípò, orúkọ nìkan ló ṣẹ́kù. Nínú ìwé bàbá náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kọ síbẹ̀: "Aṣọ òkú ni."

Ó tún kọ́ pé tábà yìí ń dàgbà bí ọtí. Agolo tí wọn ò tíì ṣí, tó wà nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ata inú rẹ̀ máa ń rọ̀, adùn á sì jinlẹ̀. Bó ṣe di pé ó ń kó agolo pa mọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé nìyẹn, tó ń kọ ọdún sí ìdí wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá gbé le rèé. Lọ́dún 2023, bàbá yìí lọ tọ́jú eyín. Dókítà eléyín náà fa ahọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dákẹ́. Àmì funfun kan wà níbẹ̀, kò tó èékánná ọmọdé. Kò dùn ún, kò sì ta á rí. Wọ́n ké díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìdílé náà fi dúró de èsì, ìyàwó rẹ̀ ò sì lè sùn. Èsì dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n dókítà sọ ọ́ fún un láìfi bò pé irú àmì bẹ́ẹ̀ lè di jẹjẹrẹ, àti pé kó sọ ìkòkò náà kalẹ̀.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní òun kì í gbé e mì. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ó ní Virginia tó dáa ni, pé kò bu òun láhọ́n jẹ rí. Gbogbo rẹ̀, òótọ́ ni, kò sì gbà á. Ẹni tí kì í gbé èéfín mì, ẹnu rẹ̀ ni èéfín ń gbé. Jẹjẹrẹ ètè, ti ẹnu àti ti ọ̀fun kì í béèrè bóyá ìkòkò ni àbí sìgá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní tábà ń pa èèyàn tó ju mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún, kò sì yọ oníkòkò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "kò bu mí láhọ́n jẹ" yẹn ló wá dà bàbá náà láàmú jù lóru. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń po ewé méjèèjì, gbogbo sùúrù tó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ún, kí ó má ta ahọ́n ni. Ogún ọdún ló fi ń fún agolo ní máàkì nítorí pé ahọ́n òun ò ta láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tábà burúkú á ta ẹ, wàá jù ú nù. Èyí tó dáa kò ní í ta ẹ, wàá sì dúró tì í títí ọjọ́ alẹ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ní: "Ìyá wọn, ohun tí ò ta ahọ́n kì í ṣe pé kò mú ahọ́n." Ìyàwó ní: "Bàbá wọn, ṣé ìwé yín ò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín látọjọ́ yìí ni?"

Ìwé náà kò sọ ọ́. Bàbá yìí ti wá fi ìlà kan kún ojú ewé kọ̀ọ̀kan nísinsìnyí, níwájú adùn, ata àti òórùn. "Ohun tó gbà" ló pe ìlà náà. Kò sí agolo kankan tó gba máàkì rere níbẹ̀, títí dórí Escudo. Kò sì pa èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́ o. Ó ní ẹni tó bá ní òun ò gbádùn rẹ̀, irọ́ ló ń pa, ẹni tó bá sì ní òun gbádùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, irọ́ tiẹ̀ ló burú jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò fẹnu kàn án rí, ẹ fi ìtàn mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti wà nídìí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìkòkò, ìbáà jẹ́ sìgá, ẹ jẹ́ kí dókítà eléyín wo abẹ́ ahọ́n yín kí oṣù yìí tó parí. Àmì bẹ́ẹ̀ kì í dunni, ìdí tí ọ̀pọ̀ ò fi tètè mọ̀ nìyẹn.

Bàbá náà kò tíì tanná sí ìkòkò láti ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò dé. Lálẹ́ Sátidé, ìyàwó rẹ̀ á mú agolo kan jáde nínú àpótí tó ń tì, bàbá á ṣí i, á fi ìka ra ewé, á gbóòórùn rẹ̀, á sì dé e padà. Agolo mọ́kànlá ló ṣẹ́kù. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ti ọdún 2013 ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó tà wọ́n, owó gidi ni wọ́n máa pa. Kò tà wọ́n, kò sì fi tọrẹ. Ó ní ẹni tí òun bá fún, mímu ló máa mu ún.